Ohùn Yín Tó Ṣìnà Lọ Bá Jímọ̀

Bàbá mi ọ̀wọ́n, ẹlẹ́nu orín,

Ẹ kú ilé. Ẹ sún mọ́ ibí kí ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ yín ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé kò sí ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe ju ẹ̀fẹ̀ lọ, èmi náà ni mo tún ohùn yín ṣe o! Ọdún mẹ́sàn-án ni ohùn yín ti kúrò lára àwòrán yín nínú fídíò, tí ọwọ́ yín ń lọ sọ́tùn-ún, tí ọ̀rọ̀ yín ń lọ sósì. Èmi nìkan ni mo lé e bá. Mo fà á létí bí ẹni fa ewúrẹ́ tó jẹ iṣu oníṣu, mo so ó padà mọ́ ẹnu yín. Gbogbo àwọn ọmọ tó ń fi kọ̀ǹpútà jẹun ní Lágere ti gbọ́. Wọ́n ń wá wò mí.

Ó dáa, mo ti bù mọ́ ọn jù. Kò sẹ́ni tó ń wá wò mí. Ráfíà ló ṣe é, ọmọ ọmọ Ẹ̀gbọ́n mi Sìfáwù, tó ń rákò kiri abẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín nígbà tí ẹ ń lọ. Ó ti di odidi obìnrin báyìí, iṣẹ́ fídíò ló ń ṣe, kọ̀ǹpútà rẹ̀ fẹ́lẹ́ bí wàláà ọmọ kéwú. Iṣẹ́ tèmi nínú ọ̀rọ̀ náà kò ju pé mo jókòó tì í, mo ń mu tíì, mo ń dí i lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀, Bàbá. Láti ọjọ́ Sátidé ni mo ti ń wá ẹni tí màá sọ ọ́ fún. Mo wo gbogbo àwọn tó wà láyé títí, n ò rí ẹnì kan. Ẹ̀yin ló kù.

Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí mo ya fídíò náà? Èmi ni Bàbá Fídíò gbogbo Ìlódè nígbà yẹn, kò sí ìkómọ tàbí ìgbéyàwó tí mi ò gbé kámẹ́rà lé èjìká dé. Ẹ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì onírin yín, ìrọ̀rí mẹ́ta lẹ́yìn yín, orín lẹ́nu. Ìgbà wo ni orín kò sí níbẹ̀? Eyín mẹ́rin péré ló kù fún yín, ẹ wá ń rún orín bí ẹni tó ní méjìlélọ́gbọ̀n. Ẹnu yín kì í sinmi. Ẹ̀yin àti ewúrẹ́ ilé wa, ẹgbẹ́ ni yín.

Lára ògiri tó wà lápá ọ̀tún yín ni àwòrán àwa ọmọ yín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ́ sí. Ẹ̀gbọ́n mi Sìfáwù ni àkọ́kọ́, èmi ni mo wà láàárín, àbúrò mi Jímọ̀ ló kẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n mi wà ní ilé ìdáná. Jímọ̀ wà ní ibi iṣẹ́ igi lápá Òǹdó, kò tíì dé. Èmi nìkan ni mo wà nínú yàrá pẹ̀lú yín. Ẹ ní ẹ fẹ́ bá wa sọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Mo ní kí ẹ máa pe orúkọ oníkálukú kí ọ̀rọ̀ lè yé àwọn tí kò sí níbẹ̀. Ẹ kọ̀ jálẹ̀.

“A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ,” ẹ̀yin lẹ wí bẹ́ẹ̀. “Kí n wá máa pe orúkọ tèmi sínú irin tí mi ò mọ ilé tó ń gbé e lọ? Ẹni tí mo bá na orín sí, ó mọ ara rẹ̀.”

Ni ẹ bá yọ orín lẹ́nu, ẹ ń nà án sí àwòrán wa lára ògiri. Èmi tí mo dúró gbagidi níwájú yín, àwòrán mi lẹ yàn láti bá sọ̀rọ̀! Tí ẹ bá ti bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ tán, ẹ ó fi orín lu kọ́ọ̀pù páànù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín lẹ́ẹ̀mẹ́ta, káń, káń, káń, bí adájọ́ tó dájọ́ tán. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ máa ń ṣe tí a bá ń bẹ̀bẹ̀ fún ẹran kejì. Tí kọ́ọ̀pù bá ti dún, ẹjọ́ ti parí.

Ọjọ́ náà ni obìnrin tó ń lọ ata lẹ́yìn fèrèsé wa tan ẹ̀rọ rẹ̀, tí kò sì pa á. Ohun tí kámẹ́rà mi gbọ́ kò ju gbuuuu lọ. Ọpẹ́lọpẹ́ rẹ̀kọ́dà kékeré tí mo ti kì bọ abẹ́ ìrọ̀rí yín. Ohùn tirẹ̀ mọ́ bí omi inú àmù.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà lẹ lọ. Jímọ̀ ò bá yín. Ọkọ̀ rẹ̀ bàjẹ́ lọ́nà, nígbà tó fi dé, a ti sin yín, erùpẹ̀ ti ń gbẹ. Ẹ ò rí bó ṣe jókòó síbẹ̀ tó ń fi ọwọ́ tẹ́ erùpẹ̀ náà bí ẹni ń tẹ́ ibùsùn. Ẹ̀gbọ́n mi ní ká má tíì wo fídíò, pé ojú àwọn ò lè gbà á. Mo kó o sínú àpótí. Ó wà níbẹ̀ títí téèpù fi bẹ̀rẹ̀ sí í hu. Lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn ni mo wá gbé e sínú kọ̀ǹpútà kó má baà bàjẹ́ tán. Mo fi ohùn méjèèjì sínú fáìlì kan ṣoṣo, ti kámẹ́rà tó kún fún ariwo ẹ̀rọ ata, àti ti rẹ̀kọ́dà tó mọ́. Ó dà bí yàrá onílẹ̀kùn méjì. Èyí tí èèyàn bá ṣí ni yóò gba ibẹ̀ gbọ́ nǹkan. Ti rẹ̀kọ́dà ni mo ṣí sílẹ̀ fún àwọn ará ilé.

Ọjọ́ Iléyá ni a wò ó. Jímọ̀ wá láti Ìpetumodù tó kọ́lé sí, ó gbé àgbò wá fún Ẹ̀gbọ́n mi. Inú rẹ̀ dùn. Ó jókòó sílẹ̀ níwájú tẹlifíṣọ̀n bí ọmọ kékeré. Orín yín nà sí àwòrán rẹ̀, ohùn yín sì jáde:

“Ìwọ lo dùn mí jù nínú àwọn ọmọ mi. Mo pè ọ́, mo pè ọ́, o kò gbọ́. Tí o kò bá jáwọ́, o ó lé gbogbo ẹni tó fẹ́ràn rẹ lọ.”

Káń, káń, káń.

Jímọ̀ dìde. Ó gbá ẹ̀yìn ṣòkòtò rẹ̀, ó mú fìlà rẹ̀. Ó ní, “Bàbá ti sọ̀rọ̀.” Ó jáde, kò sì wọ ilé yìí mọ́ fún ọdún mẹ́sàn-án. Nígbà tí ìyàwó mi kú, ojú títì ló dúró sí, ó ti ibẹ̀ kí mi. Mo ní kó wọlé wá. Ó ní ẹsẹ̀ òun ò mọ́. Ẹ gbọ́ o, Bàbá, àbúrò mi ní ẹsẹ̀ òun ò mọ́ láti wọ ilé yín.

Ọjọ́ Ajé tó kọjá ni fóònù mi dún. Òun ni.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.”

Mo ní, “Ọjọ́ mẹ́ta kẹ̀? Ìwọ yìí, o ò mọ ìṣirò láti kékeré.”

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ojú òun ọ̀tún ti lọ. Tòsì náà ń tẹ̀lé e, ó ti dà bí ẹni ń yọjú wo ìta láti inú páìpù. Dókítà ní kí òun má retí pé yóò pẹ́. Ó ní, “Mo fẹ́ rí ojú Bàbá lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó ṣú. N ò wá ba yín jà. Ohun tí wọ́n bá mi wí, mo ti gbà á. Ojú wọn ni mo fẹ́ rí. Ṣé ọjọ́ Sátidé á dáa?”

Mo ní á dáa. Fóònù bọ́ lọ́wọ́ mi sínú àwo ẹ̀bà. Ẹ má dá mi lóhùn, mo mọ̀ pé ẹ ó ní ọ̀kánjúwà ló jẹ́ kí n máa gba fóònù nídìí oúnjẹ.

Nígbà tí Ráfíà gbọ́, ó ní òun á tún fídíò náà ṣe kí ọjọ́ Sátidé tó pé, kí àwòrán mọ́lẹ̀ sí i fún ojú Bàbá Jímọ̀. Ó ní òun tún fẹ́ fi ohùn kẹta sí i, kí òun máa sọ ọ̀rọ̀ yín ní Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun, tí wọn ò gbọ́ Yorùbá ju “ẹ káàárọ̀” lọ. Mo ní kó fi mọ sí àwòrán nìkan. Ó ní rárá. Mo ní ilé kì í ní ìlẹ̀kùn mẹ́ta. Ó ní ilé tiwa ní mẹ́rin. Ọmọ yín ni lóòótọ́, ó lágídí.

Ọ̀sán Ọjọ́rú ló jókòó sí pálọ̀ mi. Ó sọ ohùn yín di àwòrán lójú kọ̀ǹpútà, ó rí gbágungbàgun bí òkè àti àfonífojì. Ti kámẹ́rà wà lókè, ti rẹ̀kọ́dà wà nísàlẹ̀. Mo jókòó sórí àga yín, ife tíì lọ́wọ́ mi, mo ń sọ fún un bí ẹ ṣe máa ń jí ẹran jẹ nínú ìkòkò tí ẹ ó sì dá ológbò lẹ́bi. Ó rẹ́rìn-ín, rẹ́rìn-ín. Lójijì ló dá fídíò dúró.

“Bàbá àgbà, ohùn yìí ò bá àwòrán lọ.”

“Ogbó ni, ọmọ mi. Èmi náà, ẹsẹ̀ mi ò bá mi lọ mọ́.”

“Ẹ wo kọ́ọ̀pù yìí.”

Mo wò ó. Orín yín lu kọ́ọ̀pù lẹ́ẹ̀mẹ́ta, n ò gbọ́ nǹkan kan. Ráfíà ń ka ìṣẹ́jú àáyá lórí ìka, ó dé méjìlá. Ìgbà náà ni káń, káń, káń ṣẹ̀ṣẹ̀ dún, nígbà tí orín ti wà lójú àwòrán ẹlòmíràn. Ó ní nítorí pé ẹnu yín ń rún orín ní gbogbo ìgbà ni kò fi sí ẹni tó lè mọ̀. Ẹni tó bá ń wo ẹnu yín á rò pé ọ̀rọ̀ ni. Ó wá ṣí ohùn kámẹ́rà. Ẹ̀rọ ata ń pariwo, ṣùgbọ́n ó fi ìka hàn mí lójú kọ̀ǹpútà, ṣóńṣó mẹ́ta tí wọ́n yọ orí jáde nínú ariwo náà, gẹ́lẹ́ níbi tí orín ti kan kọ́ọ̀pù.

“Ohùn kámẹ́rà wà níbi tó yẹ. Ti rẹ̀kọ́dà ló pẹ́ dé.”

“Ẹ̀rọ ni. Ẹ̀rọ àtijọ́, wọ́n máa ń ya wèrè.”

“Bàbá àgbà, ẹ̀rọ kì í ya wèrè báyìí. Tí ohùn bá fẹ́ yapa fúnra rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ló máa ń yà, bí bàtà tó tóbi ju ẹsẹ̀ lọ. Ẹ ò ní mọ̀ níbẹ̀rẹ̀, ìrìn á jìn kó tó bọ́. Èyí, méjìlá ló fi pẹ́ níbẹ̀rẹ̀, méjìlá náà ló fi pẹ́ níparí.” Ó ki nǹkan tí wọ́n fi ń gbọ́ ohùn bọ̀ mí létí. “Ẹ gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀. Kí lẹ gbọ́?”

“N ò gbọ́ nǹkan kan.”

“Ohun tí mò ń wí nìyẹn. Yàrá tí èèyàn bá wà nínú rẹ̀ máa ń mí. Bẹ́ẹ̀dì á dún, aṣọ á dún, ẹ̀rọ ata á wọlé díẹ̀. Èyí kì í ṣe yàrá tó dákẹ́. Òfìfo ni. Ẹnì kan ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kì í síbẹ̀, ó fi ti ohùn Bàbá Ńlá sẹ́yìn.” Ó yíjú sí mi. “Ta ni fáìlì yìí wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà?”

Mo gbé ife sẹ́nu. Tíì ti tán nínú rẹ̀ láti àárọ̀. Mo ṣáà ń mu ún.

Bàbá, ẹ ti mọ̀. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ̀rọ̀ náà, ẹ mọ ẹni tí ẹ na orín sí. Lẹ́yìn bisimilahi, Ẹ̀gbọ́n mi Sìfáwù lẹ kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀, ẹ ní wọ́n gbé yín bí ẹyin, ẹyin ò sì fọ́. Èmi lẹ na orín sí tẹ̀lé e. Èmi ni mo dùn yín jù. Èmi lẹ pè, tí mi ò gbọ́. Lẹ́yìn náà lẹ wá na orín sí Jímọ̀, ẹ ní òun ni kó jogún àga yín, pé ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ máa ń retí lẹ́nu ọ̀nà.

Èmi ni mo ti ohùn yín sẹ́yìn. Mo fẹ́ rí bí ojú Jímọ̀ yóò ṣe rí ni. Ẹ mọ̀ mí. Mo ti fi alángbá sínú bàtà rẹ̀ rí, mo ti ránṣẹ́ sí i rí pé ọba ń pè é, ó wọ agbádá, ó ti dé ìdajì ọ̀nà. Mo ní tó bá ti la ẹnu sílẹ̀, n ó bú sẹ́rìn-ín, n ó fi èyí tó tọ́ hàn wọ́n. Èyí tó tọ́ wà nínú fíláàṣì kọ̀ǹpútà kan nínú àpò bùbá mi lọ́jọ́ náà. Mo ń fi ọwọ́ pa á.

Kí ló dé tí mi ò rẹ́rìn-ín? Mo bi ara mi títí. Ojú Jímọ̀ kò rí bí ojú tí èèyàn ń fi rẹ́rìn-ín. Kí n tó mọ ohun tí màá ṣe, ohùn yín ti ń sọ̀rọ̀ àga. Nínú àwòrán, ẹ ti gbé orín kalẹ̀, kámẹ́rà lẹ fi ẹ̀rín ń wò, èmi ni mo sì wà nídìí kámẹ́rà. Gbogbo ilé yíjú sí mi. Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Ó ti yé wa. Ìwọ ni Bàbá gbé àga fún.” Wọ́n fà mí jókòó. Mo ní kí n jókòó díẹ̀ ná, kí n tó wí nǹkan. Àga náà rọ̀, Bàbá. Nígbà tí mo fi máa dìde, Jímọ̀ ti wọ ọkọ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì, mo ju fíláàṣì yẹn sínú ṣáláńgá. Kásẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀kọ́dà, ẹnì kan nínú ilé ti gba wáàsí lé e lórí. Ẹ̀dà kan tó kù láyé ni èyí tí mo bà jẹ́.

Ráfíà ò pariwo. Ó sàn kó pariwo. Ó ní, “Èwo ni ká ṣe báyìí? Ẹ̀yin lẹ ó sọ fún Bàbá Jímọ̀, àbí èmi?”

“Èmi ni.”

“Kí wọ́n tó wò ó?”

“Kí ó tó wò ó.”

“Ẹ fi Ọlọ́run búra.”

Mo ní ọmọ kékeré kì í mú àgbà búra. Ó ń wò mí. Mo búra.

Ọjọ́bọ̀ ló fa ohùn yín padà. Ó gé òfìfo náà kúrò, ó ń sún ohùn bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí káń ti rẹ̀kọ́dà fi gun orí káń ti kámẹ́rà. Wọ́n di ẹyọ kan. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lára àwòrán ẹlòmíràn. Mo ti ń gbàgbé pé tèmi ni.

Ṣùgbọ́n ibì kan kù. Nígbà tí mo ti ohùn sẹ́yìn lọ́jọ́sí, ìparí rẹ̀ yọ jáde kọjá àwòrán, mo gé e dànù. Ẹ rántí ohun tó wà níbẹ̀? Ẹ̀rín yín ni. Lẹ́yìn tí ẹ bá mi wí tán, mo ti ẹ̀yìn kámẹ́rà yọ ahọ́n sí yín, èmi tí mo ti ń ṣe bàbá fún àwọn ọmọ tó ní irùngbọ̀n. Ẹ bá Jímọ̀ sọ̀rọ̀ tán, ẹ yíjú sí mi, ẹ bú sẹ́rìn-ín, ẹ ń rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé yín. Ẹ ti dárí jì mí nínú ẹ̀rín yẹn. Òun ni mo gé sọnù. Ráfíà gbìyànjú kó wá a rí lábẹ́ ariwo ẹ̀rọ ata. Díẹ̀ jáde, bí ẹni ń rẹ́rìn-ín nísàlẹ̀ kànga. Ó fi í síbẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo lọ kírun Jímọ́ọ̀ lọ́jọ́ kejì, ọ̀rọ̀ tí màá sọ ni mo ń tò lẹ́nu. N ò gbọ́ ìdajì nínú kútúbà tí ìmáàmù ń kà. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá tò ó, ẹ̀fẹ̀ ló máa ń ṣáájú.

Ọjọ́ Sátidé, aago mẹ́wàá àárọ̀, Jímọ̀ dé. Ó ti rù. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń fi ojú kan wá àbáwọlé. Ó ní, “Ṣé kí n wọlé?”

Ẹ̀gbọ́n mi Sìfáwù kígbe láti inú pálọ̀. Wọn ò lè dìde dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ohùn wọn ò tíì gbó. “Wọlé, jàre! Ta lo ń bi? Ilé bàbá ta ni?”

Ó wọlé. Ó fi ọwọ́ tọ ògiri títí ó fi kan àga, ó kan orúnkún mi. Ó dọ̀bálẹ̀. Bàbá, àgbàlagbà tó ti lé ní ọgọ́ta, ojú kan, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún mi níwájú àga tó jẹ́ tirẹ̀. Ráfíà ń wò mí láti ibi kọ̀ǹpútà. Mo la ẹnu.

“Jímọ̀, ọ̀rọ̀ kan wà...”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí Bàbá.”

Mo pa ẹnu dé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ọkàn mi, bí olè tí ajá onílé kí káàbọ̀. Ráfíà ò fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Jímọ̀ ti gbé ojú rẹ̀ sún mọ́ kọ̀ǹpútà, imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Ó ní, “Tẹ̀ ẹ́, ọmọ mi.” Ó tẹ̀ ẹ́.

Ẹ yọ. Ẹ ṣe bisimilahi. Orín nà sí àwòrán Ẹ̀gbọ́n mi, ohùn yín sì bá a lọ: “O gbé mi bí ẹyin, ẹyin ò fọ́. Olúwa á gbé ìwọ náà.” Káń, káń, káń. Ẹ̀gbọ́n mi fi ìborùn bo ojú. Wọ́n ní, “Mo ti rò pé wọ́n gbàgbé mi. Bisimilahi nìkan ni mo rò pé ó kàn mí.” Bàbá, mi ò mọ̀. Fún ọdún mẹ́sàn-án, mi ò mọ̀ pé mo ja àwọn náà lólè.

Orín nà sí mi. “Ìwọ lo dùn mí jù nínú àwọn ọmọ mi.”

Jímọ̀ gbé orí sókè. “Dá a padà.” Ráfíà dá a padà. Ó fi ìka kan tọ ojú kọ̀ǹpútà láti orí orín dé orí àwòrán tó wà láàárín, bí ẹni ń ka kùránì. “Ta nìyí? Èmi kọ́ nìyí. Èmi ni mo wà lápá ibí.” Ó ní kí wọ́n máa bá a lọ. Orín nà sí i. “Ìwọ, àga mi, ìwọ ni kó o máa jókòó lé e. Ẹsẹ̀ rẹ ni mo máa ń retí lẹ́nu ọ̀nà.” Káń, káń, káń. Ó gbọ́ ẹ̀rín yín láti ìsàlẹ̀ kànga.

Ó yíjú sí mi. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, kí ló ṣe ohùn Bàbá lọ́jọ́sí?”

Mo wo Ráfíà. Mo wo Ẹ̀gbọ́n mi. Mo wo ojú kan tó kù fún àbúrò mi, omi kún un.

“Ẹ̀rọ ni,” mo wí.

“Ẹ̀rọ?”

“Ẹ̀rọ àtijọ́. Wọ́n máa ń ya wèrè.”

Jímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, ó ń fi ọ̀pá lu ilẹ̀. “Ẹ̀rọ! Ẹ̀rọ ló lé mi kúrò nílé bàbá mi!” Ẹ̀gbọ́n mi gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, wọ́n ní ohun tó ṣe irú èyí sí ọmọ bàbá kan náà, kó má rí àlàáfíà, kó má rí ẹni sọ̀rọ̀ fún títí yóò fi jẹrà. Gbogbo ilé ní àmín. Èmi náà ṣe àmín, Bàbá. Tèmi ló dún jù.

Mo dìde lórí àga, mo ní kí Jímọ̀ jókòó. Ó jókòó, ó ń fi ọwọ́ pa apá rẹ̀ méjèèjì. Ó jẹ iyán ní ilé yìí. Nígbà tó ń lọ, ó dì mọ́ mi, ó ní òun á máa wá ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, bí ojú òun tilẹ̀ kú, ẹsẹ̀ òun mọ ọ̀nà. Mo bá a ṣe ẹ̀fẹ̀ pé kó má fi ọ̀pá lu adìyẹ mi. Ó rẹ́rìn-ín. Bí ère ni mo dúró lójú títì lẹ́yìn tí ọkọ̀ rẹ̀ ti lọ. Ráfíà kó kọ̀ǹpútà rẹ̀. Láti ìgbà náà, “ẹ káàárọ̀” àti “ó dàárọ̀” nìkan ló ń bá mi sọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, mi ò ní fi iyọ̀ sí i. Ohùn yín ò ṣìnà fúnra rẹ̀. Mo mọ ibi tí mo gé e, mo mọ ọjọ́ tí mo gé e, mo sì ju èyí tó tọ́ dànù. Àbúrò mi bi mí níṣojú gbogbo ilé, mo purọ́ fún un. Ó ti dárí ji ẹ̀rọ. Èmi ò tíì tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀.

Èmi ni, ọmọ yín tó wà láàárín, ẹni tí ẹ na orín sí gan-an.